Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lára Ẹ̀rọ Náà?

 Ó ti pẹ́ tí mo ti ní in lọ́kàn láti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn oṣooṣù wa yìí nípa ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín yóò kọ́kọ́ rò pé kò kan olùkọ́ àti oníwàásù bí èmi. Ọ̀ràn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń fi iná mànàmáná rìn ni, pàápàá jùlọ ti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ń mú un rìn, àti ti orúkọ tí a ń lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ohun tí ó sì mú mi dé ìdí ọ̀ràn náà kò jìnnà sí ilé mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi tu owó jọ, a ra ẹ̀rọ inverter kan pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, kí a baà lè ní ìmọ́lẹ̀ lálẹ́ nígbà tí àwọn oníná bá mú iná wọn lọ. Orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa gan-an, inú mi sì dùn sí i púpọ̀. Mo tilẹ̀ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wá wò ó, mo ní, "Ọmọ wa ni ó ṣe èyí." Oṣù mẹ́rìnlá kò pé tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá tún un ṣe fi èékánná ṣí bébà tí orúkọ náà wà lára rẹ̀, orúkọ mìíràn sì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, bí gbogbo wọn ti rí nìyẹn." A kọ̀wé sí ẹni tí ó tà á fún wa; ó ní òun kò ní àwòrán inú rẹ̀, òun kò sì mọ ibi tí a ti lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. A kọ̀wé sí àwọn tí ó ṣe é. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ wá rí, ẹni tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i ni kí a lọ bá. Báyìí ni ẹ̀rọ tí a ti ṣí fìlà fún ṣe di ọmọ tí kò ní baba.

Ẹ̀rọ kan náà yìí ni ó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù oníná, àfi pé ti ọkọ̀ tóbi jù ú lọ fíìfíì. Nínú lọ́rì tí gbogbo wa mọ̀, dísẹ̀lì ni ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, tí agbára rẹ̀ sì ń gba inú jíà kọjá lọ sí táyà. Nínú ọkọ̀ oníná, bátìrì ńlá ni ó wà nípò táǹkì epo. Iná tí ó wà nínú bátìrì ń ṣàn gba ọ̀nà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì oníná tí ń yí táyà ń fẹ́ iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Inverter ni ó dúró láàárín àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Òun ni ó ń sọ bí ọkọ̀ yóò ti yára tó. Nígbà tí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, òun ni ó ń dá agbára eré ọkọ̀ padà sínú bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù òde òní, wọ́n ti so ẹ́ńjìnnì oníná àti jíà pọ̀ mọ́ irin ìdábùú tí ó gbé táyà ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ sì di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ àṣẹ tí a kọ sínú inverter ni ó ni ọkọ̀ náà ní tòótọ́, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ni ó san owó rẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lè ṣe nǹkan wọ̀nyí dáradára kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n orúkọ tí ń bẹ lára ọkọ̀ pọ̀ bí ewé oko. Ọ̀nà méjì ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Èkínní ni pé ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ ṣe lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ní kí ó bá òun ṣe ẹgbẹ̀rún kan, kí ó sì kọ orúkọ òun sí i lára. Èkejì ni pé ẹni tí ó ni ìmọ̀ fún ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ láti máa ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀, kí ó sì máa san iye kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣe.

Èyí èkejì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Àgbẹ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó dá oko, ó ń kórè, ó sì ń gbé ti onílẹ̀ lọ fún un lọ́dọọdún kí ó má baà gbàgbé ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ti jókòó gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé onílẹ̀ a máa fi òfin lé e: a lè gbin iṣu, a lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó, nítorí ẹni tí ó bá gbin igi tí í pẹ́ yóò pẹ́ lórí ilẹ̀. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni àwọn ìwé àṣẹ ẹ̀rọ. Òmíràn ní kí o máa ṣe é ṣùgbọ́n kí o má tà á kọjá ààlà ilẹ̀ rẹ. Òmíràn ní bí o bá rí ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà fi lè dára sí i, ti onílẹ̀ ni ọgbọ́n náà. Òmíràn sì wà, èyí ni ó burú jù, tí yóò fún ọ ní ìwé àṣẹ láti dè é pọ̀, tí kò sì ní fi inú rẹ̀ hàn ọ́ láéláé.

Ní ti èkínní, ilà ojú ni mo fi í wé. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó kọ àbàjà tàbí pélé sí ọmọ lójú ti jẹ́wọ́ níwájú ìlú pé ilé òun ni ọmọ náà ti wá. Bí ọmọ náà bá ṣe rere, ilé náà gba ìyìn. Bí ó bá jalè, ilé náà ni a óò tọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣòwò inú ẹgbẹ́ wa yóò ní òwò ni òwò ń jẹ́, pé àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ti ń hun aṣọ fún àwọn tí ń tà á ní Èkó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ ahunṣọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá kọ ilà náà kí ó dúró jẹ́ baba, kí ó ní àwòrán ẹ̀rọ náà, kí ó ní ẹ̀yà rẹ̀ nípamọ́, kí ó sì ní ẹni tí ó lè tú u. Aṣọ òkè tí ó bá ya, ìyá àgbà kan ṣoṣo pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ti tó. Ọkọ̀ akẹ́rù tí inverter rẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin pẹ̀lú ẹrù tòmátì lẹ́yìn, ọ̀ràn mìíràn ni.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Nikola, tí ó ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ àjàgbé rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018 wọ́n gbé àwòrán jáde, ọkọ̀ náà ń sáré geere lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni àwọn kan tí ń jẹ́ Hindenburg Research kọ ìwé síta pé ńṣe ni wọ́n fa ọkọ̀ náà gun orí òkè, tí wọ́n jẹ́ kí ó máa yí bọ̀ nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. (Kí a má ṣe ojúsàájú, àwọn Hindenburg náà ń jèrè nígbà náà bí owó ìpín ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn bá já wálẹ̀.) Ẹ gbọ́ èsì tí Nikola fọ̀: wọ́n ní àwọn kò fìgbà kan sọ pé agbára ara rẹ̀ ni ọkọ̀ náà fi ń rìn! Ìwé náà tún sọ ti inverter. Nikola ti ń fọ́nnu pé inú ilé àwọn ni àwọn ti ṣe é, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí àwọn fúnra wọn yà, bébà àlẹ̀mọ́ kan wà lára ẹ̀rọ náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ Cascadia ni Hindenburg sì sọ pé ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nikola dáhùn pé ó wọ́pọ̀ kí a fi ẹ̀yà tí ẹlòmíràn ṣe dán ọkọ̀ wò kí a tó ṣe tiwa.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ́pọ̀. Kí ni wọ́n wá bo orúkọ náà sí? Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, èékánná ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá tún ti èmi ṣe ni mo rí. Ní ọdún 2022 àwọn adájọ́ ará ìlú dá Trevor Milton, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́bi pé ó purọ́ fún àwọn tí ó fi owó wọn ra ìpín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 a rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 4. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 Ààrẹ Trump dárí jì í. Ilé-iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè lọ sí kóòtù ní oṣù Kejì ọdún kan náà. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ ni pé, nígbà tí Nikola ṣe ọkọ̀ tí ń rìn nítòótọ́ nígbẹ̀yìn, ara ọkọ̀ Iveco ti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é, irin ìdábùú oníná rẹ̀ sì jẹ́ ti FPT Industrial, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ìbá ṣe pé báyìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀!

Kí ẹ má baà rò pé àwọn ẹlẹ́tàn nìkan ni ó ń ṣe báyìí, ẹ wo àwọn ọlọ́jà rere. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ oníná Peterbilt 579EV àti ẹni tí ó ra Kenworth T680E nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde rò pé ohun méjì ni àwọn rà. Ilé kan náà, PACCAR, ni ó ni Peterbilt àti Kenworth, agbára tí ń ti ọkọ̀ méjèèjì sì ti ọ̀dọ̀ Meritor wá. Meritor fúnra rẹ̀ ra TransPower ti California, tí ó ti ń fi iná ti ọkọ̀ ńlá ṣáájú, ní ọdún 2020. Ní ọdún 2022 Cummins ra Meritor. Ní ọdún 2023 Cummins fún apá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yìí ní orúkọ tuntun, Accelera. Ìmọ̀ kan náà ni ó ti ọwọ́ TransPower dé Accelera, ó sì ti wọ orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹni tí ó bá lọ bèèrè yóò rí baba ọmọ.

Èmi kò mọ ìtàn kankan tí ó dùn, tí ó sì korò tó ti bátìrì náà. Ní ọdún 1997 ni John Goodenough àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas fi hàn nínú ìwé wọn pé a lè fi irin àti fọ́sífeètì, nǹkan tí kò wọ́n, ṣe bátìrì lithium. Hydro-Québec, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba ní Kánádà, gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Montreal sì fi ọgbọ́n tiwọn kún un. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Switzerland tí yóò máa bójú tó ìwé àṣẹ. Nígbà tí ó kan àwọn ará Ṣáínà, àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n máa ṣe bátìrì náà láìsan ìṣákọ́lẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti tà á kọjá ilẹ̀ wọn. Bóyá onílẹ̀ rò pé iṣu díẹ̀ ni wọn yóò gbìn. Obì ni wọ́n gbìn. Wọ́n ń ṣe é fún báàsì, wọ́n ń ṣe é fún lọ́rì, wọ́n ń kùnà, wọ́n ń tún un ṣe, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ wọn fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. Ní ọdún 2022 àwọn ẹ̀tọ́ pàtàkì náà parí. Nígbà náà, bátìrì irú èyí tí a ń ṣe ní gbogbo ayé, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ó ti Ṣáínà wá.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Ford kéde pé òun yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì sí ìlú Marshall ní Michigan, òun yóò sì gba ìwé àṣẹ ìmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ CATL ti Ṣáínà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Accelera, Daimler Truck àti PACCAR, tí a mọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù, kéde tiwọn: ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, EVE Energy ti Ṣáínà yóò ní 10, EVE ni yóò sì mú ìmọ̀ wá. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà ní Amplify, ní ẹkùn Marshall ní Mississippi. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé Marshall méjèèjì ni ó gbà á.) Texas ni èso náà ti wù, nígbà tí ọmọ onílẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbin igi ni ó ní láti san ìṣákọ́lẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè wí pé Ṣáínà tóbi, kò ṣe é fi wé wa. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Íńdíà, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe àkóso rẹ̀ bí ó ti ṣe àkóso tiwa. Ní ọdún 1954, àwọn Tata bá Daimler-Benz ti Jámánì ṣe àdéhùn ọdún 15 láti máa ṣe lọ́rì ní Jamshedpur. Ìràwọ̀ Mercedes ni ó wà níwájú lọ́rì náà, orúkọ àwọn méjèèjì ni a sì ń pè é. Nígbà tí àdéhùn parí ní ọdún 1969, wọ́n yọ ìràwọ̀ kúrò, lọ́rì náà kò sì dúró. Lónìí Tata ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù oníná pẹ̀lú, àwọn ni wọ́n sì ra Jaguar àti Land Rover ní ọdún 2008, ohun tí bàbá mi, tí ó rí Land Rover àwọn ajẹ́lẹ̀, kò bá gbàgbọ́ bí a bá sọ ọ́ fún un.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba wa bá àwọn òyìnbó ṣe irú àdéhùn yìí: Leyland ní Ìbàdàn, Daimler-Benz kan náà ní Enugu, Steyr ní Bauchi, Fiat ní Kano, Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó. Ọkọ̀ jáde, a sì yọ̀. Ṣùgbọ́n inú àpótí ni ẹ̀yà rẹ̀ ti ń bọ̀ láti òkè òkun, a ń dè é pọ̀ ni. Nígbà tí owó òkèèrè wọ́n ní àwọn ọdún 1980, àpótí kò wá déédéé mọ́, ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Èmi kò ní fi gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ sí wa lọ́rùn. Àwọn Tata ti ń rọ irin tiwọn ní Jamshedpur ṣáájú kí lọ́rì tó dé, nígbà tí Àjàòkúta tiwa kò tíì rọ irin títí di ìsinsìnyí. Síbẹ̀, ìràwọ̀ kan náà ni ó wà lára ọkọ̀ Jamshedpur àti ti Enugu. Níbì kan, orúkọ kúrò, ìmọ̀ kù. Ní ibòmíràn, orúkọ nìkan ni ó wá.

Èyí ni ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nísinsìnyí, kì í ṣe nígbà tí ó bá bọ́. Àwọn báàsì oníná Yutong ti Ṣáínà ti dé Èkó láti ọdún 2023, orúkọ ẹni tí ó ṣe wọ́n sì wà lára wọn kedere, mo sì yìn wọ́n fún un. Lẹ́yìn báàsì, lọ́rì ń bọ̀. Àwọn ọmọ wa yóò wá bá ẹ̀yin ìjòyè fún ilẹ̀, wọn yóò ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná. Wọn yóò pè yín láti wá gé ríbọ́ọ̀nù, a ó lu gángan, orúkọ tí a kọ sára ẹ̀rọ yóò sì jẹ́ orúkọ Yorùbá tí ó dùn létí. Kí ẹ tó tẹ́wọ́ gba obì wọn, ẹ ní kí wọ́n fi àdéhùn hàn yín. Òfin wà fún un: láti ọdún 1979 ni ìjọba ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, tí a ń pè ní NOTAP lónìí, tí irú àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ báyìí pẹ̀lú àwọn ará òkèèrè gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ibi tí ó sọ ti àṣẹ inú inverter, bóyá a ó fi lé wa lọ́wọ́ tàbí a ó tì í mọ́ wa. Ẹ wò ó bóyá a lè tà á dé Kùtọnu àti Àkúrẹ̀ bákan náà. Ẹ bèèrè iye ọmọ wa tí yóò lọ jókòó ní ilé-iṣẹ́ onílẹ̀, àti iye ọdún. Bí wọ́n bá ní àṣírí òwò ni, ẹ dá ilẹ̀ yín dúró ná. Ilẹ̀ kì í jẹrà.

Èmi náà kò jókòó lásán. Inverter mi tí ó kú ti wà lórí tábìlì ní yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa láti sáà tí ó kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ti tú u palẹ̀ tán, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ti rí ibi mẹ́rin tí ó jóná. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n ti rí rà ní Alábà. Ìyókù ni a ṣì ń wá, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá sì mọ ibi tí a ti lè rí i, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ akọ̀wé.